Ìwọ̀n Ooru: Láti Ìdí Iná Ẹyìn Dé Ìdí Hítà

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àti ẹ̀yin tí ẹ óò ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí iná. Ní Àyèká, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lágbègbè Òkìtìpupa, kì í ṣe ọbẹ̀ nìkan ni a ń fi iná sè. Iná ni a fi ń se ẹyìn kí a tó gún un. Iná ni a fi ń yan gàrí. Orí iná ni púpurù ti ń gbẹ, tí èéfín yóò fi kùn ún lẹ́yìn kí a tó ha á. Iṣẹ́ ooru ni gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá sì ń ṣe wọ́n lọ́pọ̀ yanturu fún títà, yálà ó pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò pè é, oní-ilé-iṣẹ́ ni.

Nísinsin yìí, àwọn kan ń fẹ́ fi hítà oníná mànàmáná rọ́pò igi ìdáná. Ìyá kan yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀, yóò ní, "Ọmọ mi, fún mi ní èyí tí ó lágbára." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Kílówáàtì mélòó ni kí n mú wá?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń dákẹ́ sí. Bí ìyá bá mú èyí tí ó kéré, ilẹ̀ yóò ṣú kí àgbá rẹ̀ tó hó, bí yóò tilẹ̀ hó rárá. Bí ó bá mú èyí tí ó tóbi jù, wáyà ilé lè jó, epo lè jóná, owó sì ti lọ.

Ìbéèrè ọmọ náà, "mélòó ni?", ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò. Ẹ má ṣe rò pé ìbéèrè kékeré ni. Ó gba àwọn ọlọ́gbọ́n ní ọdún tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ kí wọ́n tó lè dá a lóhùn.

Ẹni tí a óò kọ́kọ́ dárúkọ ni Joseph Black, olùkọ́ ní yunifásítì Glasgow ní ilẹ̀ Skọ́tílándì. Ní nǹkan bí ọdún 1761, ó ń ronú sí ohun kan tí kò sí obìnrin Àyèká kan tí kò tí ì rí i rí: bí omi bá ti ń hó nínú ìkòkò, bí ó ti wù kí a kó igi sí i nídìí tó, kì í gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Igi ń tán, iná ń jó, ṣùgbọ́n ìgbóná omi dúró sójú kan. Níbo ni ooru náà wá ń lọ? Black wí pé ooru náà kò sọnù. Òun ni ó ń sọ omi di èéfín. Ó tún fi yé àwọn ènìyàn pé ooru yàtọ̀ sí ìgbóná. Èdè tiwa ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí ó ti ní ọ̀rọ̀ méjèèjì nílẹ̀. Ooru ni ohun tí iná ń fún ìkòkò. Ìgbóná ni ohun tí ọwọ́ ń bá pàdé bí a bá fi kàn án. Ife omi kan àti àgbá omi kan lè ní ìgbóná kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣẹ́gi rí mọ̀ pé ooru tí ó wọ inú wọn kì í ṣe ọgbọọgba.

Ọ̀rẹ́ Black ni James Watt, ẹni tí ń tún àwọn irin-iṣẹ́ ṣe ní yunifásítì kan náà. Watt ni ó tún ẹ̀rọ alágbára èéfín omi ṣe tí ó fi dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí ó sì gba ìwé àṣẹ lé e ní ọdún 1769. Nígbà tí ó fẹ́ ta ẹ̀rọ náà, ìṣòro tí ó dé bá ọ̀dọ́mọkùnrin onísọ́ọ̀bù wa dé bá a. Ẹṣin ni àwọn apọntí àti àwọn ọlọ́lọ̀ ìgbà náà fi ń yí ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì ń béèrè pé, "Ẹ̀rọ rẹ yìí, ẹṣin mélòó ni?" Watt jókòó, ó ṣírò rẹ̀. Ó ní ẹṣin kan lè gbé ẹrù tí ó wọn pọ́n-ùn 33,000 sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan láàrin ìṣẹ́jú kan. Àwọn kan sọ pé ó bu ọlá fún ẹṣin jù, nítorí ẹṣin tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ ṣọ̀wọ́n. Kò burú. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ó fi "láàrin ìṣẹ́jú kan" kún ọ̀rọ̀ náà. Kí a gbé ẹrù jẹ́ nǹkan kan. Kí a gbé e kíákíá jẹ́ nǹkan mìíràn. Ọmọdé lè kó òkìtì yanrìn kan tán bí a bá fún un ní oṣù kan. Ohun tí à ń pè ní agbára ẹ̀rọ kì í ṣe iye iṣẹ́ tí ó lè ṣe, bí kò ṣe bí iṣẹ́ náà ti ń yára tó.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti Benjamin Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó lọ sìn ní ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n sì fi oyè Count Rumford dá a lọ́lá níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lu ihò sínú àgbá ìbọn ńlá ni ó ń bójú tó. Ó ṣàkíyèsí pé irin náà máa ń gbóná kọjá sísọ. Ó wá fi àpótí omi yí i ká, ó mú irin ìlu-ihò tí ó ti kú, ó sì ní kí ẹṣin máa yí i. Omi inú àpótí náà lé díẹ̀ ní kílò 8. Nígbà tí ó di wákàtí méjì àti ààbọ̀, omi náà hó! Kò sí igi, kò sí èédú, kò sí iná kankan. Ẹṣin ni ó se omi. Rumford kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1798, ó sì sọ pé ẹnu ya àwọn tí ó dúró wo ìran náà. Bí a bá fi ìṣirò òde òní wò ó, agbára tí ó wọ inú omi àti irin náà kò tó kílówáàtì kan. Nítorí náà, ẹ lè sọ pé ẹṣin ni hítà ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni James Prescott Joule dé, ọmọ apọntí nítòsí Manchester. Ní ọdún 1840, nígbà tí kò tí ì ju ọmọ ọdún 22 lọ, ó ri wáyà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá sínú omi, ó sì ń wọn bí omi náà ti ń gbóná. Ó rí i pé bí iná tí ń gba inú wáyà kan kọjá bá di ìlọ́po 2, ooru kì í di ìlọ́po 2. Ìlọ́po 4 ni yóò dà. Bí ó bá di ìlọ́po 3, ooru di ìlọ́po 9. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ iná tí kò lágbára. Ní ọdún 1882 ni William Siemens wá dábàá níwájú àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí a fi orúkọ Watt pe ìwọ̀n agbára iná. Orúkọ Joule náà ni a fi ń pe ìwọ̀n ooru títí di òní. Wáàtì 1 ni júùlù 1 láàrin ìṣẹ́jú àáyá 1. Kílówáàtì ni 1,000 wáàtì. Ẹṣin tí Watt ṣírò jẹ́ wáàtì 746.

Síbẹ̀, hítà kò tí ì wúlò púpọ̀, nítorí wáyà tí ó bá pọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń jẹ, tí ó sì ń já. Albert Marsh ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó po níkẹ́ẹ̀lì àti krómíọ̀mù pọ̀, tí ó gba ìwé àṣẹ lé e ní ọdún 1906. Wáyà yìí a máa pọ́n wẹ̀ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí láìjá. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú bọ́ìlìn-ríìnì tí ẹ ń fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, òun náà ni ó sì wà nínú hítà ńlá ilé-iṣẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí Àyèká kí a ṣe ìṣirò ìyá ẹlẹ́yìn. Àgbá rẹ̀ gba lítà 200. Ẹyìn àti omi ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á sí omi nìkan, nítorí omi ni ó ń gba ooru jù. Bí a bá ṣírò fún omi, a kò lè kùnà sí ìhà kíkéré. Ìgbóná rẹ̀ ní òwúrọ̀ jẹ́ dígírì 28. A fẹ́ kí ó dé 100. Ó ku dígírì 72. Kílò omi kan ń gba kílójúùlù 4.2 kí ìgbóná rẹ̀ tó lọ sókè ní dígírì kan. Ẹ sọ 200 di ìlọ́po 72, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4.2: kílójúùlù 60,480. Iye ooru rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè fi dín in kù.

Ìgbà wo ni ó fẹ́ kí ó hó? Bí ó bá ní wákàtí kan, wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3,600. Ẹ pín 60,480 sí ọ̀nà 3,600, ẹ óò rí 16.8. Kílówáàtì 16.8 ni. Bí ó bá lè dúró fún wákàtí méjì, kílówáàtì 8.4 tó o. Bí ó bá ra ti kílówáàtì 3 nítorí pé ó pọ́ọ́kú, wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ lé díẹ̀ ni, ìyẹn bí ooru kankan kò bá sá lọ.

Ṣùgbọ́n ooru ń sá lọ! Àgbá gbígbóná dà bí agbè tí ó ń jò. Ara irin rẹ̀ ń fún afẹ́fẹ́ ní ooru, ojú omi tí a kò bò sì ń fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni jíjò náà ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí a bá ń fi ife kékeré bu omi sínú agbè tí ó ń jò, ìgbà kan ń bọ̀ tí èyí tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde yóò dọ́gba. Láti ìgbà náà, agbè kò ní kún mọ́ láéláé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni hítà kílówáàtì 3 lè ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀gànjọ́ nínú àgbá tí kò ní ìdérí, kí omi náà gbóná, kí ó máa ru èéfín, kí ó má sì hó. Ẹni tí ó ni ín yóò ní hítà náà kò dára. Hítà náà dára. Kò kàn tó ni. Kí ó tó ra òmíràn, kí ó wá ìdérí, kí ó sì fi ohun tí kì í jẹ́ kí ooru jáde wé ara àgbá náà. Èyí kò ná an ní tó ìdá díẹ̀ nínú owó hítà tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí a máa fi díẹ̀ lé iye tí ìṣirò mú wá, bóyá ìdá 1 nínú 5. Kílówáàtì 16.8 yóò wá di 20.

Àwọn ìyá wa ti mọ apá kan nínú èyí tipẹ́. Ẹ kíyè sí wọn nídìí ẹyìn: ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn a kó igi àti ìhá sí i kí iná lè ràn dáadáa, bí ó bá ti hó, wọn a yọ igi kúrò. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn pé agbára tí ń gbé ìgbóná sókè pọ̀ ju agbára tí ń mú un dúró. Hítà kì í yọ igi fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí ń wọn ìgbóná, tí yóò máa pa á, tí yóò sì máa tàn án. Ẹni tí ó bá ra hítà láìra ìyẹn mọ́ ọn ra ìdajì ọjà.

Kí ló dé tí kò fi kàn lè dúró de hítà kékeré rẹ̀? Nítorí epo ni. Láti ìgbà tí ẹyìn bá ti já, tí ara rẹ̀ sì ti fara gbọgbẹ́, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ń sọ epo di kíkan. Ooru ni ń pa nǹkan náà. Nígbà tí ìjọba ń ra epo wa fún títà sí òkè òkun, wọ́n gbé ipò pàtàkì kan kalẹ̀ ní ọdún 1950 fún epo tí ásíìdì inú rẹ̀ kò ju ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Owó rẹ̀ sì ju ti àwọn yòókù. Láàrin ọdún díẹ̀, epo irú èyí bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́jà, nítorí àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé ẹyìn tí a tètè sè ni ó ń mú owó wá. Nítorí náà, wákàtí tí a fi se ẹyìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sùúrù nìkan; owó ni. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ epo ńlá, èéfín omi tí a há mọ́ inú irin ni wọ́n fi ń sè é, ní ìgbóná bí dígírì 140, fún nǹkan bí wákàtí kan sí wákàtí kan àti ààbọ̀.

Epo fúnra rẹ̀ tún yàtọ̀ sí ẹyìn. Nígbà ọyẹ́, epo pupa a máa dì nínú àgbá, ẹni tí ó fẹ́ dà á sí kéèsì yóò ní láti yọ́ ọ. Ooru tí kílò epo kan ń gbà kò ju bí ìdajì ti omi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ẹ̀bùn ni. Ṣùgbọ́n epo dídì kì í rìn; èyí tí ó fara kan hítà kò lè gbéra kí òmíràn rọ́pò rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni yóò ti jóná nígbà tí àárín àgbá ṣì tutù. Fún epo, ẹ má ṣe wá hítà kúkúrú tí ó gbóná janjan. Èyí tí ó gùn, tí agbára rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ lórí ara irin púpọ̀, ni ó yẹ. Àwọn tí ń tọ́jú epo pupa sínú táǹkì ńlá ní èbúté ti ní òfin lórí èyí: dígírì 32 sí 40 ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí, dígírì 50 sí 55 ni wọ́n ń gbé e dé kí wọ́n tó fà á jáde, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó lọ sókè ju dígírì 5 lọ láàrin ọjọ́ kan. Táǹkì tí ó gba tọ́ọ̀nù 1,000 epo yóò gba nǹkan bí kílówáàtì 116 láti ṣe ìyẹn, láìka èyí tí ń jò. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ yẹ̀ mí wò.

Mo ti ṣèlérí pé a óò padà sí ọ̀rọ̀ Joule. Iye kílówáàtì tí a kọ sára hítà kì í ṣe ìlérí fún gbogbo ìgbà. A kọ fóòtì mọ́ ọn: bóyá 240. Bí iná tí ó dé ilé yín bá jẹ́ 180 nìkan, ìdá 3 nínú 4 ni. Àwọn ènìyàn yóò rò pé ooru náà yóò jẹ́ ìdá 3 nínú 4. Rárá o. Ìlọ́po ìdá 3 nínú 4 lọ́nà méjì ni, èyí tí í ṣe ìdá 9 nínú 16. Hítà kílówáàtì 18 tí ẹ rà yóò máa ṣe bí ti 10 lé díẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ra hítà, ẹ ní kí aláyàwọ́ iná wọn fóòtì yín ní wákàtí tí ẹ máa ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ní òru nígbà tí gbogbo ayé ti sùn.

Bí iná bá wà nìyẹn o. Ilé-iṣẹ́ iná tí ń lo gáàsì wà ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa kan náà. Nígbà tí a ṣí apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 2007, a kọ́ ọ fún mẹ́gáwáàtì 335, ìyẹn ni kílówáàtì 335,000. Ẹ pín in fún hítà ìyá wa tí ó jẹ́ kílówáàtì 20: ó tó fún àgbá 16,750 lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 2014, ọ̀pọ̀ ìlú ní apá gúúsù Oǹdó, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà lára wọn, fi ọ̀pọ̀ ọdún wà láìrí iná ìjọba lò. Wáyà ńlá ń gba orí ilẹ̀ kọjá, àwọn tí ń gbé abẹ́ rẹ̀ ń tan àtùpà.

Nígbà náà ni ènìyàn ń wo jẹnẹrétọ̀. Èrò tèmi ni pé kò bọ́gbọ́n mu láti fi jẹnẹrétọ̀ se ẹyìn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń fi tan gílóòbù kò lè gbé bọ́ìlìn-ríìnì kan pàápàá. Ti ńlá lè gbé hítà, ṣùgbọ́n lítà dísù kan ní ooru tí ó tó kílówáàtì 10 fún wákàtí kan nínú, jẹnẹrétọ̀ yóò sì fún wa ní nǹkan bí 3 péré. Èyí tí ó kù ti bá èéfín lọ. Àgbá kan ẹyìn yóò jẹ lítà dísù bí 5 àti ààbọ̀ lé díẹ̀. Igi ìdáná tí yóò ṣe iṣẹ́ kan náà lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, bí ìdá 1 nínú 10 ooru rẹ̀ bá wọ inú àgbá, jẹ́ nǹkan bí kílò 38. Ìhá àti èésan sì wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti fọ epo tán. Bí a bá mọ ààrò tí ó há, tí kò jẹ́ kí ooru sá, igi náà lè dín kù sí ìdajì. Níbi tí kò bá sí iná ìjọba, orí ààrò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ná owó hítà lé. Ibi tí hítà ti dára jù ni ibi tí a ti ń fẹ́ ìgbóná kan pàtó láìsí èéfín: epo tí a fẹ́ yọ́, tàbí púpurù tí a fẹ́ kí ó funfun.

Ọ̀rọ̀ púpurù ni n ó fi lé ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́. Ẹ rántí Joseph Black: omi tí yóò di èéfín ń gba ooru púpọ̀. Ooru tí ń gbé kílò omi kan láti dígírì 28 dé 100 lé díẹ̀ ní kílójúùlù 300, ṣùgbọ́n láti sọ ọ́ di èéfín ń gba nǹkan bí 2,260. Ìdí nìyẹn tí púpurù fi ń jẹ igi ju ẹyìn lọ. Ìyá kan ní ẹ̀gẹ́ tí kílò omi 40 gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó fẹ́ kí ó gbẹ láàrin wákàtí 10. Ìdajì ooru hítà rẹ̀ sì ń bá afẹ́fẹ́ jáde lọ lásán. Kílówáàtì mélòó ni kí ó rà, mélòó ni yóò sì rà bí fóòtì tí ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 180 dípò 240?